Ọmọ Ẹdun Tó Ń Bínú sí Ọ̀bọ

Tẹ́lẹ̀, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá lẹ ìwé mọ́ ògiri ní Pańṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta, ìsọjí ni, tàbí ìṣọ́ òru, tàbí wòlíì kan tó di gbohùngbohùn mú bí ẹni tó fẹ́ bù ú jẹ. Ojú wa ti mọ́ ọn. Àmọ́ aṣọ tuntun ti dé ọjà. Sẹmínà ni wọ́n ń ṣe báyìí. Wọn á gbé kọ̀ǹpútà jáde, wọn á gbé ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri, wọn á wá pe Dókítà kan, dókítà tí kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí, tí ẹnì kankan ò sì mọ yunifásítì tó ti gboyè, pé kó wá fi sáyẹ́ǹsì gbá sáyẹ́ǹsì létí. Bí ṣọ́ọ̀ṣì kan bá ṣe é lóṣù yìí, èyí tó wà ní òdìkejì títì á ṣe tirẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, pẹ̀lú Dókítà tó gbówó lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ àti ìrẹsì tó lẹ́ran jù ú lọ.

Àkọlé èyí tí mo lọ ni A KÌ Í ṢE ỌMỌ Ọ̀BỌ!!! Mo ka àmì ìyanu ibẹ̀, mẹ́ta ni, ìyẹn nìkan sì ni ìyanu tí mo rí títí a fi túká. Wọ́n ya ọ̀bọ kan sísàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì kọjá lójú rẹ̀. Ọ̀bọ náà ń wò wá tàánú-tàánú.

Kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹ tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì: èmi ò gba Ọlọ́run gbọ́. Ní Abẹ́òkúta wa yìí, ó sàn kéèyàn ní òun jí ewúrẹ́ gbé. Ẹni tó jí ewúrẹ́ á rí alágbàwí, wọn á ní iṣẹ́ Èṣù ni. Èmi tí mo ní kò sí Èṣù, ta ni màá di ẹ̀bi rù? Tai Ṣólàrín ará Ìkẹ́nnẹ́, tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956, sọ tirẹ̀ ní gbangba, kò fi bò. Ó kú ní 1994. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń gbàdúrà kí wọ́n tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí wọ́n ṣe ń gbani là nílẹ̀ yìí nìyẹn: wọn á dúró dìgbà téèyàn ò lè jiyàn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà mí lọ. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí Táyélolú àti Kẹ́hìndé tó bí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ní, "Ìwọ ṣáà wá. Sáyẹ́ǹsì tó ò ń pariwo rẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n á sì fún wa ní ọ̀fadà." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bá ti kọ́kọ́ dárúkọ ọ̀fadà."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí ayé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún, ó ní, kò lé, kò dín. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbi ìsọmọlórúkọ náà. Ibi tí ìṣirò yẹn ti wá kò fara sin: bíṣọ́ọ̀bù kan ní Ireland, James Ussher, ló jókòó ní 1650, tó ń ṣí ọjọ́ orí àwọn baba ńlá inú Bíbélì bí alájọ tó ń ka káàdì, tó wá ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 4004 ṣáájú ìbí Jésù, ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Bàbá tó bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ọdún tí eéṣú jẹ oko ni wọ́n máa ń sọ. Àmọ́ ayé ní ìwé ẹ̀rí ìbí, ó lóṣù, ó lọ́jọ́.

Nǹkan tó wá dùn mí ni pé a ò nílò láti lọ sílùú òyìnbó ká tó rí ẹni tí yóò ta ko bíṣọ́ọ̀bù náà. Ní 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna ní Ìpínlẹ̀ Yòbè, ọkọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle lábẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi onígi ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan bí 8,000 ọdún ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ náà ti ń fi í pẹja fún nǹkan bí 2,000 ọdún kí Ọlọ́run tó dá omi. Ká tún bọ́ sílé díẹ̀: ní 1965, wọ́n wú egungun èèyàn kan jáde nínú ihò àpáta Ìwó Ẹlẹ́ẹ̀rú, nítòsí Ìsàrun, lápá ibi tí Àkúrẹ́ wà. Ó ju 11,000 ọdún lọ. Ọkùnrin yìí ti kú, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti jẹun òkú rẹ̀ tán, àwọn ọmọ ti jà sí ogún, Ádámù ò tíì dé.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Dókítà tún ní kò sí ẹ̀rí kankan níbì kankan pé ayé pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ògiri sìmẹ́ńtì ni. Ẹni tó bá sì ti gba Ewékorò kọjá rí mọ ibi tí sìmẹ́ńtì agbègbè wa ti ń wá: láti 1960 ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta ẹfun ibẹ̀. Òkúta ẹfun yẹn, ìkarahun àti egungun wẹẹrẹ-wẹẹrẹ àwọn ẹ̀dá inú òkun ló pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó kú ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun ṣì ń na ẹsẹ̀ dé Ewékorò. Bàbá fẹ̀yìn ti ẹ̀rí, wọ́n ń sọ pé ẹ̀rí ò sí. Ti Olúmọ ńkọ́, òkúta tó ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ kí Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn baba wa sá sábẹ́ rẹ̀ ní 1830? Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn pé ó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè ní àjẹ́ ni.

Ọkọ̀ Nóà nìkan gba ogójì ìṣẹ́jú, bóyá ní ìrántí ogójì ọjọ́ tí òjò fi rọ̀. Gígùn rẹ̀ 300 ìgbọ̀nwọ́, fífẹ̀ rẹ̀ 50, gíga rẹ̀ 30, àjà mẹ́ta, fèrèsé kan. Fèrèsé kan! Èmi ti wọ dánfó tó ní fèrèsé mẹ́fà láti Kútọ̀ dé Òṣòdì, ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, nígbà tá a sọ̀kalẹ̀ a ò lè fi òórùn dá ara wa mọ̀ mọ́. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú ọkọ̀ Nóà, gbogbo ẹranko ayé sì ń yàgbẹ́ fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Bíbélì sọ ẹni tó kan ọkọ̀. Kò sọ ẹni tó ń gbá a.

Dókítà fi àwòrán hàn wá: àwọn onígbàgbọ́ kan ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, ti kan irú ọkọ̀ náà ní gígùn rẹ̀ gan-an, wọ́n ṣí i ní 2016, owó lèèyàn sì fi ń wọ̀ ọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ohun tí kò sọ fún wa ni pé ní 2019, àwọn tó ni ín gbé àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò wọn lọ sílé ẹjọ́ torí pé òjò ńlá ba ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ jẹ́. Ẹ tún un kà. Òjò. Ọkọ̀ Nóà. Adójútòfò. Mo sọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi létí, ó ní kí n dákẹ́, pé ẹ̀mí mi ti yigbì.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìgbín ló ń jẹ mí lọ́kàn ní tèmi. Bíbélì ò sọ ibi tí wọ́n ti kan ọkọ̀ náà, ká ṣáà fi òkè Árárátì tó gúnlẹ̀ sí ṣe é: láti Abẹ́òkúta débẹ̀, ká tiẹ̀ fa okùn tààrà láìyà síbì kan, ó ju 5,000 kìlómítà lọ. Ká gbà pé ìgbín Ẹ̀gbá yára, mítà kan ní ìṣẹ́jú kan, kò sùn, kò dúró jẹ ewé ìbẹ́pẹ, yanrìn Sàhárà ò sì fa itọ́ rẹ̀ gbẹ: ó ju ọdún mẹ́sàn-án lọ kó tó débẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n dé, Nóà ní kí akọ dúró sápá ọ̀tún, kí abo dúró sápá òsì. Ìgbín méjèèjì wo ara wọn lójú. Nítorí ìgbín kan náà ni akọ, òun kan náà ni abo, méjèèjì ló lè yé ẹyin. Nóà ní, "Èwo ni bàbá nínú yín?" Wọ́n ní, "Bàbá Ṣẹ́ẹ̀mù, ó dọwọ́ bá a bá ṣe jí lọ́jọ́ náà." Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, wọ́n tún gbọ́dọ̀ wọ́ padà sílé fún ọdún mẹ́sàn-án mìíràn, kí wọ́n lè wá bá ìyá oníbúkà tó ń lọ ata dè wọ́n ní Ìtòkú.

Wọ́n ní ẹni tó bá ní ìbéèrè kó nàwọ́. Mo nàwọ́, mo béèrè ti ìgbín. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Ọlọ́run lágbára láti gbé ìgbín débẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun sà. Bó bá lè gbé ìgbín, kí ló wá ń wá pákó fún?" Ẹni tó ń darí ètò ní ká dìde ká kọ orin.

Nígbà tá a jókòó, wọ́n bọ́ sórí ọjọ́ mẹ́fà ìṣẹ̀dá. Kí n má fi àkókò yín ṣòfò. Ìmọ́lẹ̀ dé lọ́jọ́ kìn-ín-ní, igi àti koríko hù lọ́jọ́ kẹta, oòrùn ò dé títí di ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko tí iná fi ń tàn tí kò sí oòrùn! Ní ìlú tí a ti ń gbé, ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, a sì máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀, a sì máa ń ra epo sí i. Àsìkò yẹn gan-an ni iná lọ nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ní kí ọmọ kan lọ fa jẹnẹrétọ̀.

Bí iná ṣe dé, ara èèyàn ló kàn. "Ẹ wo ojú èèyàn!" ni Dókítà wí, ó sì gbé awò ojú rẹ̀ sókè kó lè ka ohun tó kọ. "Ẹ wo bó ṣe pé, kò sí àbùkù!" Màmá kan tó wà lẹ́yìn wa tí ẹ̀yìn ń dùn ṣe "àmín," ó sún tìmùtìmù rẹ̀ síwájú. Ọmọdé kan ti fi pọ́fù-pọ́fù há ara rẹ̀ lọ́fun, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn. Mo rò ó nínú ara mi pé, bírikìlà wo ló máa gbé ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà àti ọ̀nà tí èémí ń gbà sẹ́nu ọ̀nà kan náà, tí onílé ò ní lé e lọ? Eyín ọgbọ́n tí kì í ráyè hù ńkọ́? Ọmú àyà ọkùnrin, ta ni wọ́n fẹ́ fi bọ́?

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ìtàn àwọn baba wa fi ọgbọ́n jù wọ́n lọ. Nínú tiwa, Ọbàtálá ló ń mọ èèyàn, ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tán. A rí iṣẹ́, a mọ ohun tó ṣe oníṣẹ́. Wọn ò ní kò sí àbùkù. Ẹ má torí èyí pè mí ní oníṣẹ̀ṣe o. Adìyẹ ọlọ́mọ-ìka-márùn-ún tí wọ́n ní ó tan yẹ̀pẹ̀ ká ní Ifẹ̀, mo ti ń béèrè láti kékeré: nígbà tí ilẹ̀ ò tíì sí, kí ni adìyẹ yẹn ń ṣà jẹ? Bàbá mi àgbà fún mi lésì. Ìgbátí ni.

Àwọn Mùsùlùmí tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ fìlà, ẹ rọra. Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ àlùfáà léèrè, ó ní àwọn ò sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún yẹn, àmọ́ ní ti ọ̀bọ, ẹnu àwọn kò. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó kọjú síra wọn ní àdúgbò wa ti ń figa gbága lórí gbohùngbohùn láti ọdún yìí wá. Ọ̀bọ ló parí ìjà wọn.

Ọ̀bọ náà ló sì kù. Dókítà fi í pamọ́ dìgbẹ̀yìn bí ẹran inú ìrẹsì. Ó ju àwòrán rẹ̀ sára ògiri, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bó bá jẹ́ pé ara ọ̀bọ la ti wá, kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì wà?" Ilé gbọ̀n tìtì. Àwọn kan dìde dúró. Ọkùnrin kan sáré dé iwájú, ó sì sáré padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Lísàbí ni wá, inú aṣọ ni wọ́n bí wa sí. Ẹ lọ sí Ìtòkú. Àdìrẹ oníko wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ìko dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀. Kàmpálà tó dé lẹ́yìn wọn wà níbẹ̀, ó ti gba ojú ọjà. Ṣé ẹnì kan ti dúró níwájú ìsọ̀ rí kó máa pariwo pé bí Kàmpálà bá jẹ́ ẹbí oníko, kí ló dé tí oníko ò tíì kú? Ọ̀bọ kì í ṣe bàbá wa. Ìyá ńlá kan ló bí wọn tó bí wa, ó ti kú tipẹ́, kì í ṣe ọ̀bọ òde òní, kì í sì ṣe èèyàn. Àwọn ọmọ kan dúró sórí igi, àwọn kan sọ̀kalẹ̀ wá ń san owó ilé. Tá a bá wo àbùdá inú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí 98 nínú 100 ni tiwa àti ti ìnàkí fi bára mu. Ìwọ̀nba tó kù yẹn la fi ń ṣe sẹmínà.

Ìyá Ìbejì ti ń bínú nígbà yẹn. "Èmi! Ọ̀bọ! Kí wọ́n má rí mi fín!" Mo rọra bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi wẹ àwọn ọmọ láàárọ̀ yìí?" Ó ní omi àti ọṣẹ. Mo ní, "Mo gbọ́ yín nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín. Oríkì lẹ̀ ń kì." Ojú rẹ̀ yí padà. Nítorí láràárọ̀ ni obìnrin yìí ń da omi sí àwọn ọmọ méjèèjì lórí, tó ń fi ìdùnnú ké e síta kí gbogbo àdúgbò gbọ́: Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, ọmọ ẹdun tíí ṣeré orí igi. Kí ni ẹdun? Ọ̀bọ ni. Ọ̀bọ gidi, tó nírù. Kó tó di pé Charles Darwin, òyìnbó tó ṣàlàyé bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, tẹ̀wé rẹ̀ jáde ní 1859, ọdún kan náà tí Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn Yorùbá, jáde ní Abẹ́òkúta níbí, àwọn ìyá wa ti ń fi ìbátan ọ̀bọ yangàn lójú agbo. Ìwé méjèèjì jọ ṣí lọ́dún kan náà. Ọ̀kan ti dé, èkejì ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ó ní, "Ìyẹn, oríkì lásán ni." Mo ní, "Ẹ sọ fún Dókítà pé tirẹ̀ náà, oríkì ni." Ó fún mi léèékánná lápá.

Wọ́n wá ní ká fetí sí ìkéde. Ẹni tó ń ka ìkéde jáde, ó rọra tún gíláàsì rẹ̀ ṣe, ó ní kí gbogbo àwọn tó ń múra ìgbéyàwó rántí pé ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ò ní dáhùn wọn láìjẹ́ pé wọ́n mú ìwé jínótáìpù wá, láti ilé ìwòsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. AS àti AS, pásítọ̀ ò ní so wọ́n pọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀mí ló fi wọ́n han ara wọn.

Ẹ̀rín pa mí. Mi ò lè mú un mọ́ra, mo tẹ̀ síwájú, èjìká mi ń mì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú èèyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan ló ru S yẹn. Kí ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa, tí kò pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó tí yìnyín ń já bọ́ lé lórí? Ẹ̀fọn ni. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Anthony Allison ló tú u fó ní 1954: ọmọ tó ní AS, ibà kì í ráyè pa á bó ṣe ń pa AA. Ibà pa àwọn kan, ó fi àwọn kan sílẹ̀, àwọn tó ṣẹ́ kù bímọ, wọ́n gbé S lé ọmọ lọ́wọ́, láti ìran dé ìran. Nígbà tí S méjì bá wá pàdé nínú ọmọ kan, fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ohun tí Dókítà fi wákàtí mẹ́ta sọ pé kò sí rí nìyẹn, ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ẹ̀dà méjì. Ẹgbẹ̀rún ọ̀nà ni ibà fi ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ rántí chloroquine, tó ń yún ni bí ẹni sùn sórí wèrèpè, tá a gbé mì títí kòkòrò ibà fi gbọ́n jù ú lọ, tí ìjọba ní 2005 fi ní ká bọ́ sórí oògùn mìíràn. Kòkòrò tí kò ka ìwé kankan ti yí padà lójú wa. A ra oògùn tuntun, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a lọ sí sẹmínà.

Ọ́ṣà kan rí mi níbi tí mo tẹrí ba tí mo ń gbọ̀n. Ó sáré wá, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Jẹ́ kó jáde, bùrọ̀dá, jẹ́ kó jáde." Omijé ti bọ́ lójú mi. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti kọ orúkọ mi mọ́ àwọn ọkàn tuntun, wọ́n sì fún mi ní káàdì kan: Àdúrà wo lẹ fẹ́ ká bá yín gbà? Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí pẹ̀lú ìfẹ́ tó pọ̀ débi pé ó ṣe mí láàánú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má mú iná lọ lálẹ́ òní, kí n lè rí àròkọ kan kọ.

Ọ̀fadà náà dùn, kí n má purọ́. Ata rẹ̀ pọ̀, irú rẹ̀ ò fara sin.

Mo délé ní aago méje. Iná wà, ó mọ́ roro. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo kọ àkọlé. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ga: "Iná wà lọ́dọ̀ yín àbí kò sí?" Mo ní ó wà. "Ṣó o ti rí i báyìí? Àdúrà tó o kọ sí káàdì! Ṣé wàá ṣì máa sọ pé—" Kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé ṣú biribiri. Mo gbọ́ ọ tí òun náà lóun ń wá tọ́ọ̀ṣì.

Wọn ò dá a padà. Àti àṣálẹ́ àti òwúrọ̀, ó di ọjọ́ kejì.